Láti Suzuki 100 Dé Páwà Báìkì: Ìtàn Alùpùpù Kékeré àti Ńlá Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ inú ètò ìtàn wa nìyí bá a ṣe sọ ọ́.

Nọ́ńbà kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: 200.

Bẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ alùpùpù rí, ẹ ó ti rí i pé nọ́ńbà máa ń wà lára rẹ̀: 100, 125, 150, 200. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí àyè tí písítìnnì ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Cc ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí àyè náà bá ṣe tóbi tó ni agbára máa ń pọ̀ tó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí Bajaj 100 ni ojú wọn ti wà lára cruiser báyìí. Cruiser ni alùpùpù gbàǹgbà yẹn tí ìjókòó rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ẹni tó gùn ún ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tí ìró rẹ̀ sì ń ti inú ikùn jáde. Ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkúrò lórí kékeré bọ́ sórí ńlá kì í ṣe nǹkan òní nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn bàbá wa àti bàbá àgbà wa ti ṣe é níṣojú wa. Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá lọ nínú ètò òní ni èyí: gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tóbi sí i, òkè, owó àti òfin ló ń tì í. Ẹ̀kọ́ ẹni tó máa gùn ún ló máa ń gbẹ̀yìn.

Ìlú tí wọn ò tẹ̀ fún táyà

Ní 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ, ibi ìsádi ni wọ́n ń wá. Ogun ló lé wọn kúrò nílé. Àpáta tó ga, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọ̀tá ò lè sáré gùn, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rìn láti Ìtòkú lọ sí Àkẹ́ mọ̀ pé ìlú yìí kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ tó gbà wá lọ́wọ́ ogun ni ilẹ̀ tó wá ń dán ẹ́ńjìnnì wò.

Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin dáa fún kòkó àti ekuro, àmọ́ kì í gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ṣe ìyẹn. Raleigh láti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ gbogbo kẹ̀kẹ́. Olùkọ́ ń gùn ún, wolé-wolé ń gùn ún, àgbẹ̀ tó ní oko lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ọbáfẹ́mi ń gùn ún.

Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìwà kan nílùú olókè: tó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, kẹ̀kẹ́ tó gbé ọ wá, ìwọ lo máa tì í. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ohun kan náà ló máa ń mú kéèyàn fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i títí dòní. Kì í ṣe ìyára ló kọ́kọ́ ń wá. Òkè ló fẹ́ gùn láìsọ̀ kalẹ̀.

Àkàbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ kàn

Ní 1958, ilé iṣẹ́ Honda ní Japan gbé alùpùpù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Super Cub. 49cc péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti pé 100 mílíọ̀nù. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Irú Honda 50 yìí, Vespa àwọn ará Ítálì, àti Suzuki pẹ̀lú Yamaha kéékèèké, ló wá di ọkọ̀ tísà, pásítọ̀, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba nílẹ̀ wa. Yorùbá gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n sì fi ìró náà sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù. Àwọn àgbà mìíràn ní Abẹ́òkúta ṣì ń pè é ní máṣíìnì títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn náà ni owó dé. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ní 1974, wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá dárúkọ Udoji. Àwọn kan fi ra fìríìjì, àwọn kan fi ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ sì fi gba alùpùpù wálé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Abẹ́òkúta sì di olú ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ wọlé, ìlú ń fẹ̀, ọ́fíìsì jìnnà sílé. Ní 1979, Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà tó ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta. Ìpínlẹ̀ wa wá di ibi tí wọ́n ti ń to alùpùpù pọ̀.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ra 50cc lásìkò náà, ó ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ́pọ̀ ọdún. Ara rẹ̀ ti mọ bá a ṣe ń dúró lórí táyà méjì. Ó ti ṣubú nígbà tó jẹ́ pé orúnkún ló máa bó, kì í ṣe orí ló máa fọ́. Bó bá wá kúrò lórí 50 bọ́ sórí 80 tàbí 100, ọdún bíi mélòó kan ti kọjá. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ ọ, kò sì sí òfin tó ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Àìlówó ló kan àkàbà náà fún un, ó sì gùn ún ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọdún tí àkàbà dá

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé ń pè ní SAP jáde. Owó náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ ń bọ́, ọkọ̀ tuntun wọ́n ju ojú lọ. Mọ́tò kò tó, èrò sì pọ̀. Alùpùpù tó ti ń gbé olówó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹlòmíì fún owó.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni. Olóyè Gabriel Igbinedion láti Ìlú Benin dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, pè é. Nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ò tó bàálù mọ́, wọ́n gun alùpùpù tó ń já fò láàárín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, wọ́n ní àwọn náà ti wọ Ọ̀kadà. Ilé iṣẹ́ bàálù náà ti kógbá sílé. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń wá èrò ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Làfẹ́nwá láràárọ̀.

Ibí yìí ni àkàbà ti dá. Ọmọkùnrin tí kò gun nǹkan kan rí á kọ́ alùpùpù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí pápá ilé ìwé, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé ìyá ọlọ́mọ kan sẹ́yìn, ọmọ wà láàárín, àpò gàrí wà níwájú. Ẹ́ńjìnnì kò tíì tóbi, 80 tàbí 100 ni. Àmọ́ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti ju ti ẹni kan lọ, ẹni tó sì ń wà á, òní ló dé ibẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ di ti owó ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wá di ìṣirò. Suzuki 100 ìgbà yẹn, onípele méjì ni: èèyàn ní láti po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, èéfín rẹ̀ sì ń já búlúù lẹ́yìn. Ó yára, àmọ́ ó ń mu epo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jincheng dé láti Ṣáínà, tí wọ́n ṣe lórí àpẹẹrẹ Suzuki AX100. Owó rẹ̀ rọjú, ló bá gba gbogbo ìgboro. Lẹ́yìn náà ni Bajaj Boxer àti TVS dé láti Íńdíà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onípele mẹ́rin, tí kì í gba ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tí jálá epo kan sì ń gbé jìnnà. Ní 2011, Honda náà gbé Ace 125 jáde fún ọjà Nàìjíríà.

Ẹ bi ọlọ́kadà kan ní Aṣèrò ìdí tó fi ta 100 tó sì ra 150. Kò ní sọ fún yín pé torí fàájì ni. Á ní òkè ni. Á ní bóun bá gbé èrò méjì dé ìdajì òkè lórí 100, jíà kìíní nìkan lòun á fi máa fà á bí ìgbín, epo á sì máa lọ. Ìgbéga láti kékeré sí ńlá, oúnjẹ ló wà nídìí rẹ̀.

Ọmọ Àkẹ́ tó gbé ọ̀rọ̀ ààbò lórí

Ẹnì kan wà tó rí ewu náà tipẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Àkẹ́ ló dàgbà sí: Wọlé Ṣóyínká. Ayé mọ̀ ọ́n fún ẹ̀bùn Nobel tó gbà ní 1986, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó ti wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 1977. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti sú u. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Ìran yín máa rántí ohun tí àjọ yẹn ṣe ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009. Wọ́n ní kò sí ọlọ́kadà tàbí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gun alùpùpù láìdé akoto. Àwọn èèyàn dá ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀: àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè ti fi oògùn sínú akoto tó ń lọ láti orí dé orí. A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ò yí padà: ta ló kọ́ ẹni tó dé akoto yẹn bá a ṣe ń tẹ bíréèkì?

Bí 200 ṣe di ẹnubodè

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà ojú pópó Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà lé ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà 475. Ṣùgbọ́n ó fi ìlẹ̀kùn kan sílẹ̀: páwà báìkì tó ju 200cc lọ, tí wọ́n fi ń jẹ́ iṣẹ́ ìfiránṣẹ́, lè kọjá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú tún mú un le ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi áàpù gbé èrò, bíi Gokada, ORide àti Max, sì fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n tún kéde ìfòfindè pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà.

Lóòótọ́, Èkó kọ́ ni Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ọjà Èkó ló ń sọ ohun tí oníṣòwò alùpùpù máa kó wọlé, ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá tó bá sì fẹ́ ṣe dìsípáàṣì, ojú Èkó ló ń wò. Àtìgbà yẹn ni 200 ti di ẹnubodè. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kadà ni ọ́, wọ́n lè gba alùpùpù rẹ lójú ọ̀nà. Lókè rẹ̀, páwà báìkì ni, ojú tí wọ́n fi ń wò ọ́ á yàtọ̀. Wọ́n á rò pé o lówó, tàbí pé o ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe ohun tó mú orí wa wú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní London lórí Honda CB500X, ó gba ilẹ̀ Yúróòpù àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, láti kó owó jọ fún ìjà tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rí i pé alùpùpù lè ju ohun èlò òwò lọ.

Ohun tí òfin ò wọ̀n

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Òfin 200 ń wọn ẹ́ńjìnnì. Kò wọn ẹni tó gùn ún. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà ní ìsọ̀rí A fún alùpùpù, ìsọ̀rí kan náà ló sì wà fún ẹni tó fẹ́ gun 100 àti ẹni tó fẹ́ gun 1,000. Kò sí ìpele kankan láàárín wọn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London tàbí Manchester mọ̀ pé tibẹ̀ yàtọ̀. Láti 1990 ni wọ́n ti ní ẹ̀kọ́ kan tó pọn dandan kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó lè dá gun alùpùpù jáde sí títì. Láti oṣù Kìíní 2013, wọ́n tún pín in sí ìpele mẹ́ta. Ọmọ ọdún 17 lè gun èyí tí kò ju 125cc lọ. Ọmọ ọdún 19 lè bọ́ sórí èyí tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 35 lọ. Kó tó lè gun èyí tó bá wù ú, ó di ọmọ ọdún 24, àfi bó bá ti lo ọdún méjì lórí ìpele kejì, ìgbà náà ni wọ́n á gbà á láyè ní 21. Ìdánwò sì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àkàbà tí àìlówó kàn fún àwọn bàbá wa nígbà Honda 50, òfin ni wọ́n fi kàn án níbẹ̀.

Kí ló dé tí àkàbà ṣe pàtàkì? Ẹ jẹ́ ká wo cruiser fúnra rẹ̀. Bajaj 100 kò wúwo ju bíi kílò 110 lọ. Bó bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ kan lo máa fi gbé e dúró. Harley-Davidson Road King ju kílò 350 lọ. Bí ìyẹn bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó o dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ẹsẹ̀ tó lè dá a dúró. Ara rẹ̀ gùn, nítorí náà kì í tètè yí. Kọ́nà tí ọ̀kadà máa ń gé bí ọ̀bẹ ní Ìtòkú, cruiser nílò àyè púpọ̀ láti gbà á. Ìjókòó rẹ̀ tó wà nílẹ̀ sì lè mú kí abẹ́ rẹ̀ máa ha bọ́ǹpù.

Ìyẹn ò tíì dé orí ìyára. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ipá tí bíréèkì ní láti pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan kì í ṣe ìlọ́po méjì ipá ẹni tó ń sá 40 ló gbé lọ́wọ́. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀kadà ló sì ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú, bíréèkì ẹsẹ̀ tó wà fún ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Lórí 100, àṣà yẹn lè má pani. Lórí cruiser, nǹkan míì ni.

Nítorí náà, bí ojú yín bá wà lára ńlá, ẹ kan àkàbà tiyín. Ẹ lo ọdún kan tàbí méjì lórí 125 tàbí 150 kẹ́ ẹ fi mọ bíréèkì iwájú dáadáa. Ẹ bọ́ sórí 200 tàbí 250 ṣáájú kẹ́ ẹ tó wo 500 lójú. Ẹ kọ́kọ́ fi pápá tó ṣófo kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa rọra yí i, kẹ́ ẹ sì máa dúró lójijì, kẹ́ ẹ tó gbé e dé orí òkè. Ẹ ya owó akoto gidi, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo kókósẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ka owó alùpùpù. Ẹ sì wádìí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí táyà àti páàtì rẹ̀ rà, torí pé mẹkáníìkì tó ń tú Bajaj palẹ̀ lójú oorun lè má tíì fọwọ́ kan cruiser rí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjọba máa fi ìpele sí ìwé àṣẹ alùpùpù wa, ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká máa bi wọ́n léèrè. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni àkàbà wà.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá, ìyá tàbí àgbàlagbà kan nílé yín: alùpùpù wo ló kọ́kọ́ wọ ilé wa, ọdún wo ni, ta ló sì kọ́ ẹni tó gùn ún? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ìtàn wà nínú ìdáhùn yẹn tí kò tíì sí nínú ìwé kankan.

Ẹ máa rọra gùn ún o.